Simon van der Stel, Gómìnà Ọlọ́gbà Àjàrà

Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí kò mọ ẹmu. Ní Àrán-Ọ̀rin, ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, adẹ́mu a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbé igbà kọ́ èjìká, a gun ọ̀pẹ, a sì gbé akèrègbè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹmu tí ó dùn bí oyin ní òwúrọ̀ yóò ti kan kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ó bá sì di ọjọ́ kejì, ẹni tí ọtí ti di bárakú fún ni ó kù tí ó lè mu ún. Nítorí náà ẹmu kì í rìn jìnnà. Ìlú tí a ti dá a ni a ti ń mu ún tán.

Ọtí mìíràn wà tí a ń pè ní wáìnì. Èso àjàrà ni a fi ń ṣe é. Bí a bá ṣe é dáradára, tí a sì dì í sínú àgbá, ó lè pẹ́ ní ọdún púpọ̀ kí ó má bàjẹ́, ó sì lè la òkun já lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Èyí ni ó sọ ọ́ di ọjà ńlá láàrin àwọn orílẹ̀-èdè láti ìgbà láéláé, èyí náà ni ó sì sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é di ọlọ́rọ̀ àti alágbára. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wáìnì ti lókìkí jù lọ ni Kéèpù, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì so mọ́ wáìnì Kéèpù ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni Simon van der Stel. Ọkùnrin yìí ṣe olórí ìlú, ó sì ṣe àgbẹ̀ àjàrà ní àkókò kan náà. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó mọ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n bí ó ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn ni ó fa ìyìn rẹ̀, òun náà ni ó sì fa ẹ̀sùn tí ó bá ilé rẹ̀ ní ìkẹyìn.

Ojú òkun ni a bí Simon sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1639, ọkọ̀ tí ó gbé àwọn òbí rẹ̀ láti ilẹ̀ Hóláńdì ń súnmọ́ erékùṣù Mauritius, ní Òkun Íńdíà, nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i. Adriaan van der Stel, baba rẹ̀, ń lọ ṣe olórí erékùṣù náà fún Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Ìlà-Oòrùn ti Hóláńdì. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Ọdún 1602 ni a dá a sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀, ó ní ọmọ ogun, ó ní odi. Ó lè bá ọba ṣe àdéhùn, ó lè gbógun ti ìlú, ó sì ń yan gómìnà sí ilẹ̀ òkèèrè. Òwò ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é bí ìjọba. Adriaan fúnra rẹ̀ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ oko: òun ni a mọ̀ mọ́ gbígbin ìrèké sí erékùṣù náà àti kíkó àgbọ̀nrín wá síbẹ̀ láti erékùṣù Java.

Maria Lievens ni orúkọ ìyá Simon. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ilẹ̀ Hóláńdì, ni baba Maria. Ṣùgbọ́n ìyá Maria, tí a ń pè ní Monica, jẹ́ ọmọ etíkun Íńdíà, ó sì ti jẹ́ ẹrú rí kí a tó dá a sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá ọkùnrin tí yóò di gómìnà ní Kéèpù jẹ́ obìnrin tí a ti fi owó rà rí. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn títí dé òpin ìtàn yìí.

Simon kò pẹ́ lọ́wọ́ baba. Nígbà tí Adriaan kúrò ní Mauritius, wọ́n rán an lọ sí Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka ní òde òní, a sì pa á níbẹ̀ ní ọdún 1646, nígbà tí ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Batavia ni Simon dàgbà sí, ìlú tí a ń pè ní Jakarta nísinsìnyí, ní ilẹ̀ Indonéṣíà. Ní ọdún 1659, nígbà tí ó tó ọmọ ogún ọdún, ó wọkọ̀ lọ sí Hóláńdì, ilẹ̀ baba rẹ̀ tí kò fi ojú kàn rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní baba, tí àwọ̀ ara rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò retí pé kí ọ̀nà là fún òun láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n, ó sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn ńlá rìn. Ní ọdún 1663 ó fẹ́ Johanna Jacoba Six, ọmọ ìdílé kan tí ó lókìkí púpọ̀ ní ìlú Amsterdam, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́fà. Ní Hóláńdì yìí náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń tọ́jú igi àjàrà àti bí a ti ń ṣe ọtí láti inú èso rẹ̀.

Nígbà tí ó di ẹni ogójì ọdún, ní 1679, àwọn ọ̀gá Ẹgbẹ́ Oníṣòwò yàn án láti lọ ṣe olórí ní Kéèpù. Ó kó lára àwọn ọmọ rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n aya rẹ̀ kò bá a lọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi gbéra, tọkọtaya náà kò tún fi ojú kan ara wọn mọ́ títí ikú fi dé.

Kí a tó lè mọ iṣẹ́ tí Simon ṣe, ó yẹ kí a mọ irú ibi tí Kéèpù jẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Hóláńdì tí ó ń lọ sí Batavia lè lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òkun. Omi inú àgbá a máa rà, kò sì sí ewébẹ̀ tàbí èso tútù. Àrùn kan a máa mú àwọn atukọ̀, èrìgì wọn a máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn a máa yọ, ọ̀pọ̀ a sì kú. Nítorí èyí ni Ẹgbẹ́ náà ṣe rán Jan van Riebeeck lọ sí Kéèpù ní ọdún 1652, kí ó lọ dá ọgbà ewébẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa ra màlúù àti àgùntàn lọ́wọ́ àwọn Khoikhoi, darandaran tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ náà láti àtayébáyé. Wọ́n gbàgbọ́ pẹ̀lú pé wáìnì yóò dá àrùn náà dúró. Ní 1655 a gbin igi àjàrà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1659 a fún wáìnì àkọ́kọ́ ní Kéèpù.

Kì í ṣe ọwọ́ àwọn ará Hóláńdì nìkan ni ó ro ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1658, ọkọ̀ méjì kó ẹrú púpọ̀ dé. Ọ̀kan kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Àǹgólà; èkejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hasselt, kó ènìyàn láti etíkun Pópó, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní ìtòsí ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Nítorí náà, nínú àwọn ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ di ọkọ́ mú nínú oko Kéèpù, ọwọ́ àwọn aládùúgbò Yorùbá wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1679 ni Simon gúnlẹ̀. Àwọn ará Hóláńdì tí ó bá níbẹ̀ kò pọ̀. Ọkà tí wọ́n ń gbìn kò tó wọn jẹ, wáìnì wọn sì kan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Simon kò jókòó sínú odi. Kí oṣù kan àti díẹ̀ tó kọjá, ó ti gun ẹṣin lọ wo ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìyàngbẹ ilẹ̀ oníyanrìn, ó sì dé àfonífojì kan tí odò ń ṣàn gba àárín rẹ̀, tí òkè yí i ká, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ́ràá. Ibẹ̀ ni ó tẹ ìlú kan dó sí, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Stellenbosch, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe igbó Stel. Ó fi ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe tán láti ro ó. Ní 1682 ó yan ènìyàn mẹ́rin tí yóò máa parí ìjà láàrin àwọn ará ìlú. Ní 1683 ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀. Ó paṣẹ pé kí a gbin igi óákù káàkiri, títí a fi ń fi igi náà ki Stellenbosch. Ní 1686 ó dá ọjà ọdọọdún sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó ń parí ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní àkókò ọjà yìí, àwọn ọkùnrin a máa fi ìbọn ta odídẹrẹ́ onígi tí a gbé sórí òpó gíga, ẹni tí ó bá ta á lulẹ̀ a sì gba ẹ̀bùn.

Lẹ́yìn ọ̀ràn ilẹ̀, ó kan ọ̀ràn wáìnì. Èso àjàrà tí kò pọ́n ní omi kíkan púpọ̀, adùn inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Adùn yìí ni ìwúkàrà tí ó wà lára èso máa ń sọ di ọtí. Nítorí náà èso tí kò pọ́n kò lè fúnni ní wáìnì tí ó lágbára, èyí tí ó bá sì fúnni yóò kan, kì yóò sì lè pẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Kéèpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹyẹ ń bà wọ́n, ẹ̀rù afẹ́fẹ́ líle ń bà wọ́n, ojú owó sì ń kán wọn. Wọ́n ń ká èso wọn kí àsìkò tó tó. Ní ọdún 1686 Simon gbé òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún èso àjàrà kí àwọn aṣojú ìjọba tó wá wo ọgbà rẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé èso ti pọ́n. Ẹni tí ó bá rú òfin náà yóò san ìtanràn 60 rixdollar, owó Hóláńdì ìgbà náà, owó tí ó lè gbọn àpò àgbẹ̀ kékeré gbẹ. Òfin náà le, ṣùgbọ́n ó ṣe àǹfààní. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gàn wáìnì Kéèpù ń dínkù.

Ọ̀nà tí ó tẹ̀lé èyí ni ọ̀nà tí ó mú ìyìn àti ẹ̀sùn wá pọ̀. Ní 1685, aṣojú àgbà kan láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣòwò, Hendrik van Rheede, wá bẹ Kéèpù wò. Òun ni ó fi ilẹ̀ ńlá kan ta Simon lọ́rẹ lẹ́yìn Òkè Tábìlì, kì í ṣe fún ìjọba, bí kò ṣe fún òun fúnra rẹ̀. Simon sọ ọ́ ní Constantia, ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ìdúróṣinṣin. Ó mọ ilẹ̀ yàn. Òkè bo ibẹ̀ lọ́wọ́ ìjì, afẹ́fẹ́ òkun sì ń tu igi lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èso fi ń pọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìgbẹ. Ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó gbin àjàrà, ó gbin igi eléso àti igi óákù, ó sì fi ìmọ̀ tí ó kó wá láti Hóláńdì ṣe wáìnì tí ó ta gbogbo ti àwọn yòókù yọ. Ohun tí ó ń fi òfin béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ni ó ń ṣe nínú oko tirẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó ṣeé ṣe.

Síbẹ̀, ọ̀ràn kan fara sin sínú rẹ̀. Ọkùnrin tí ń ṣe òfin wáìnì ni ó tún ń ṣe wáìnì. Ọkùnrin tí ń pín ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn ni ó tún ní ilẹ̀ tí ó pọ̀ ju tiwọn lọ. Ẹgbẹ́ Oníṣòwò náà, ní ọwọ́ kan, ni ó ń ra ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń kórè, Simon sì ni olórí tí ń ṣojú Ẹgbẹ́ náà. Ní ọwọ́ kejì, òun náà jẹ́ àgbẹ̀ tí ń wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í sábà tọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹrù tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà ayé Simon, ìkùnsínú ni ọ̀rọ̀ yìí mọ. Ariwo rẹ̀ kò tíì sọ.

Kò fi oko rẹ̀ pa iṣẹ́ ìlú tì. Ní ọdún 1685 kan náà ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọkọ̀ ẹrù àti màlúù jọ, ó sì gba ìhà àríwá lọ wá òkè tí a ti máa ń rí bàbà. Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò nínú ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n sì rí bàbà náà nítòótọ́ ní ilẹ̀ Namaqua; ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà, kò sí èbúté, kò sì sí igi ìdáná láti fi yọ́ ọ, nítorí náà wọ́n padà ní oṣù kìíní ọdún 1686 láìsí èrè. Ní 1687 ó yẹ etíkun ìhà kejì òkè wò, ó sì rí ibi tí ọkọ̀ lè sá sí nígbà òtútù. Ìlú tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní: Simon's Town.

Ní ọdún 1688 àwọn àlejò kan dé tí ó fún iṣẹ́ àjàrà ní agbára tuntun. Ọba Louis kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé ti fagi lé òfin tí ó dáàbò bo àwọn Pùròtẹ́sítáńtì ní 1685, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá kúrò nílùú. Ó tó àádọ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn tí ó wọkọ̀ wá sí Kéèpù, díẹ̀ nínú wọn sì mọ iṣẹ́ àjàrà dáradára. Simon fún wọn ní ilẹ̀ ní Drakenstein àti ní àfonífojì tí a wá ń pè ní Franschhoek, èyí tí í ṣe igun àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n ó pín wọn káàkiri sáàrin àwọn ará Hóláńdì, kí wọ́n má bàa di ìlú ọ̀tọ̀, kí àwọn ọmọ wọn sì lè gbàgbé èdè wọn. Nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1689 láti bèèrè ìjọ tiwọn, ó fi ìbínú dá wọn lóhùn, ó ní àfojúdi ni. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Hóláńdì ni ó padà gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Èyí fi ìwà rẹ̀ hàn: ó lè fún ènìyàn ní ilẹ̀ àti màlúù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn.

Àwọn Khoikhoi ni wọ́n mọ ìhà líle rẹ̀ jù. Ilẹ̀ tí ó ń pín fún àwọn àlejò kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ibẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń da ẹran jẹ̀. Bí ọgbà àjàrà ti ń gbòòrò ni pápá ìjẹko ń súnkì, tí ọ̀nà odò sì ń di mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn ni Dorha, tí àwọn ará Hóláńdì ń pè ní Klaas. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá Ẹgbẹ́ Oníṣòwò ra ẹran kiri lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn, ọ̀rẹ́ Simon ni a sì kà á sí. Ní 1693 Simon yí padà sí i. Ó rán ọmọ ogun lọ mú un, ó kó ẹran rẹ̀, ó sì fi ọkùnrin náà sí ẹ̀wọ̀n ní Erékùṣù Robben. Erékùṣù yìí kan náà ni a fi Nelson Mandela sí láti 1964 títí di 1982. Lẹ́yìn ọ̀ràn Dorha, àwọn Khoikhoi tí wọ́n wà ní ìtòsí kò tún gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rẹ́ olórí Kéèpù mọ́.

Àwọn ẹrú sì ń bẹ. Wọ́n ra àwọn kan láti Madagascar, wọ́n ra àwọn mìíràn láti Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Simon ti dàgbà. Àwọn ni wọ́n ń wa kòtò, tí wọ́n ń gé ẹ̀ka, tí wọ́n ń ká èso, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ìfúntí. Ọmọ ọmọ Monica, obìnrin tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, wá di olówó ẹrú. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ìrántí ìyá ìyá rẹ̀ mú kí ó tú wọn sílẹ̀.

Ní 1691 Ẹgbẹ́ náà gbé e ga, wọ́n sọ ọ́ di gómìnà. Ní oṣù kejì ọdún 1699 ó fẹ̀yìn tì, ó sì lọ gbé ní Constantia. Willem Adriaan, àkọ́bí rẹ̀, ni a fi rọ́pò rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a máa di ọṣẹ. Ọmọ náà ti rí ọ̀nà tí baba gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí baba fi ọgbọ́n rìn ni ọmọ fi ìwọra sá. Ní 1700 ó gba ilẹ̀ ńlá kan tí ó sọ ní Vergelegen, ó lo àwọn ẹrú àti òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Oníṣòwò níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì kígbe pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba ọjà wáìnì, ọjà ẹran àti ọjà ọkà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1706, 63 nínú wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Gómìnà gbọ́, ó mú Adam Tas, ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwé ti la òkun kọjá. Ní 1707 àṣẹ dé láti Hóláńdì pé kí Willem Adriaan kúrò lórí oyè. Àwọn ọ̀gá náà paṣẹ pẹ̀lú pé òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ní oko tàbí kí ó máa ṣòwò ní Kéèpù mọ́.

Simon ṣì wà láàyè láti rí gbogbo èyí. Arúgbó tí ó tẹ ìlú dó, tí ó sì sọ wáìnì kíkan di wáìnì dídùn, jókòó sínú ilé ńlá rẹ̀, ó ń wo bí a ti ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ náà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó kú ní Constantia ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1712, ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ a pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì tà á fún àjèjì. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ó kù fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọgbà náà ni kò kú. Ní 1778 Hendrik Cloete ra Groot Constantia, ó tún un ṣe, wáìnì dídùn ibẹ̀ sì di ohun tí àwọn ọba Yúróòpù ń wá kiri. Nígbà tí a lé Napoleon lọ sí erékùṣù St. Helena, láti 1815 títí ó fi kú ní 1821, wáìnì Constantia ni wọ́n ń gbé lọ fún un. Ní 1885 ìjọba Kéèpù ra oko náà, wọ́n sì ń fún àjàrà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun búburú náà kò kú bọ̀rọ̀. A fi òpin sí oko ẹrú ní Kéèpù láàrin 1834 àti 1838, ṣùgbọ́n ó di àṣà nínú oko àjàrà pé kí a máa fi wáìnì san apá kan owó iṣẹ́ lébìrà. Àṣà yìí sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọ̀mùtí, ó sì pa àwọn ọmọ wọn lára láti inú oyún, títí òfin fi kọ̀ ọ́ ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1949, àwọn tí ń ṣe ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin pé aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Títí di 1985 ni òfin náà fi wà. Ìlú Stellenbosch wà lára àwọn ibi tí a ti gbé ìlànà ìyapa náà lárugẹ. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ti wà ní Batavia láyé àtijọ́, ọ̀gá ọkọ̀ Lievens kì bá tí lè fẹ́ Monica, Maria kì bá tí jẹ́ aya Adriaan, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà kì bá sì ti jókòó sí orí àga gómìnà rárá. Ọdún 1994 ni ìjọba ìyapa dópin pátápátá.

Àwọn àlejò tí ó bá lọ sí Groot Constantia lónìí yóò rí ilé funfun, igi óákù àti ẹsẹ àjàrà tí ó tò gbọọrọ gbọọrọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọn yóò gbọ́ orúkọ Simon van der Stel, ó sì tọ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí ó fi ìmọ̀ àti aápọn ṣe ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò lè ṣe. Kò kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, kò sì bèèrè èso tí ó pọ́n lọ́wọ́ wọn kí ó máa fún èyí tí kò pọ́n nínú oko tirẹ̀. Olórí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ilẹ̀ ìlú sí ìkáwọ́ rẹ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ó ṣe é dáradára tó, ó ti fi ọ̀nà han ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ẹni náà kì yóò sì dúró níbi tí òun dúró. Adẹ́mu Àrán-Ọ̀rin mọ̀ pé ẹmu òun yóò kan kí alẹ́ tó lẹ́, nítorí náà kì í fi pamọ́. Wáìnì lè pẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún nínú àgbá kí ó sì máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwà ìrẹ́jẹ tí a bá dì pọ̀ mọ́ ọn a máa pẹ́ bí ó ti pẹ́, àwọn ọmọ ọmọ ni yóò sì mu ún.